Sàláàdì Àgbàdo Tí Káfíńtà Fi Ìfági Ṣe

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá, ẹ má wulẹ̀ wá olùjẹ́jọ́ lọ jìnnà, èmi ni. Ìyàwó mi ló pè mí. Ó ní kí Kábíyèsí gba ọ̀bẹ ìdáná lọ́wọ́ mi, kí n má sì wọ ilé ìdáná mọ́ láyé. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, torí nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, kì í sábà gbélé. Ibi tí mo ti ń dáná dè é yẹn nìkan ni a ti máa ń ráyè sọ̀rọ̀.

"Kí ló ṣe?" Kábíyèsí bi í.

"Kábíyèsí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Àìkú. Mo ti yan ẹja sílẹ̀. Nítorí ooru tó mú, mo ní kí baba ilé bá mi ṣe sàláàdì àgbàdo tútù tí a ó jẹ mọ́ ọn. Kò le rárá. Kó bọ àgbàdo mẹ́wàá, kó gé e kúrò lára kùùkù, kó rẹ́ tòmátì àti àlùbọ́sà sí i, kó fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e."

"Kò ṣe é ni?"

"Ó ṣe é. Ìfági tó fi ń fá pákó ló fi ṣe é, èérún pákó sì kún inú àwo."

Àwọn ìjòyè wo ojú ara wọn. Gbogbo wọn wá yíjú sí mi.

"Káfíńtà, òótọ́ ni?"

"Kí ẹ pẹ́ láyé, Kábíyèsí. Ọ̀bẹ ń gé àgbàdo ní gbágungbàgun. Èmi fẹ́ kó dọ́gba. Mo de àgbàdo mọ́ orí tábìlì iṣẹ́, mo fá a, ó ń jáde ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Mo tiẹ̀ fi rúlà wọ̀n ọ́n."

"Èérún pákó tí wọ́n bá nínú àwo ńkọ́?"

"Ojúlówó igi ni, Kábíyèsí. N kò jẹ́ fi pákó yẹpẹrẹ ṣe àlejò."

Ìjòyè kan fi fìlà bo ẹnu. Mo mọ̀ pé mo ti ba ẹjọ́ ara mi jẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi kì í gbọ́ tèmi.

Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi.

"Síbí kan péré ni mo fi kan ẹnu, Kábíyèsí. Mo sì tu ú dànù."

"Ẹ̀gbọ́n mi," ìyàwó mi ní, "ta ló wá ní kí n bu àwo kejì wá?"

"Mo fẹ́ mọ ohun tó ń ha mí lọ́fun ni."

"Ìkẹta ńkọ́?"

"Kò tíì dá mi lójú nígbà yẹn."

Ẹ̀rín gba ààfin. Ara tù mí, ni mo bá ṣe àṣìṣe tó tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ: mo pe ẹlẹ́rìí tèmi, ọ̀rẹ́ mi onígbàjámọ̀.

"Ó fọ ìfági náà," onígbàjámọ̀ wí. "Ọṣẹ ló fi fọ̀ ọ́, ó ṣojú mi kòró."

"Ìgbà wo ló fọ̀ ọ́?"

"Nígbà tí àlejò lọ tán, Kábíyèsí. Ó ní omi sàláàdì lè ba pákó oníbàárà jẹ́."

Mo wá ibi tí mo lè wọ̀ nínú ilẹ̀, n kò rí.

Kábíyèsí yíjú sí ìyàwó mi. "Tí a bá lé e nílé ìdáná, ta ni yóò máa dáná dè ọ́ tí o bá tibi iṣẹ́ dé?"

"Kò sí, Kábíyèsí."

"Ṣé àárò ẹ̀ kò ní sọ ọ́?"

Ìyàwó mi wò mí. "Yóò sọ mí díẹ̀."

Inú mi dùn sí díẹ̀ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

"A kò ní gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà náà," Kábíyèsí dájọ́. "Ṣùgbọ́n irin iṣẹ́ ẹ̀ ló fi dáná fún ọ. Ìwọ náà yóò fi ohun èlò ìdáná kan àga fún un. Ọ̀bẹ àti ọmọ odó nìkan ni kí o lò. Orí àga yẹn ni yóò ti máa jẹun fún odidi oṣù kan, ẹ̀gbọ́n rẹ ni yóò sì máa wá ṣọ́ ọ."

Ìyàwó mi kúnlẹ̀ dúpẹ́ títí wọ́n fi ní kó dìde.

Ó kan àga náà tán láàárọ̀ yìí. Ìṣó mẹ́ta yọrí síta níbi ìjókòó. Mo tún ṣe sàláàdì àgbàdo lọ́sàn-án, ọ̀bẹ ni mo fi gé e, mo jókòó sórí àga náà, èmi àti ìyàwó mi jọ jẹ ẹ́, a sọ̀rọ̀ tó pọ̀. Ìdúró ni mo wà tí mo fi ń kọ èyí.