Lánlọ́ọ̀dù tí Àwọn Ayálégbé Fi Ṣe Ìyàwó

Ẹjọ́ ilé kan wọ ààfin lánàá, lápá Ayọ̀bọ̀. Ganiyat ló pe ọkọ rẹ̀ àti ayálégbé mẹ́ta lẹ́jọ́. Oṣù mẹ́ta péré ló ti ṣègbéyàwó, ìfẹ́ ọkọ rẹ̀ ṣì ń pa á bí ọtí, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó.

Òun àti Sódìq ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ra ilé kékeré onífúláàtì mẹ́rin, ilé tí wọ́n kọ́kọ́ rà láyé wọn. Orúkọ àwọn méjèèjì ló wà nínú ìwé. Wọ́n bá ayálégbé mẹ́ta nínú rẹ̀, àwọn náà sì kó sí fúláàtì kẹrin. Láti ọjọ́ yẹn ni Ganiyat ti ń gbálẹ̀, tó ń pọnmi fún gbogbo ilé.

"Kí ló dé tí lánlọ́ọ̀dù ń pọnmi fún ayálégbé?" Kábíyèsí bi í.

"Kábíyèsí, wọ́n ní ọkọ mi làwọn."

Àwọn ìjòyè wojú ara wọn.

Bàbá Ilésanmí, ayálégbé àkọ́kọ́, dìde nínú sùtánà funfun, ó tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe. Ó ní Sódìq fúnra rẹ̀ ló dúró lọ́dẹ̀dẹ̀ tó kéde pé òun ti mú ìyàwó wálé. Ẹni tí ìyàwó bá sì bá nílé, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ọkọ rẹ̀ ni.

"Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà nílé yẹn. Ìyàwó tó wọlé bá mi, kí ni mo jẹ́ sí i?"

"Ayálégbé ni yín, sà," Ganiyat fèsì.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dá ọkọ rẹ̀ lóhùn."

Matilda onídìrí, ayálégbé kejì, ní òun ò kórìíra ìyàwó àwọn, ṣùgbọ́n ó bá òun nídìí ọbẹ̀, kò gba ṣíbí lọ́wọ́ òun. Ó wá kan Godswill, tí kò ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ, tó sì fi ọ̀sẹ̀ méjì péré ṣáájú àwọn tọkọtaya débẹ̀. Òun náà ní ìyàwó kì í porúkọ ọkọ, Eyínfúnjowó ni kó máa pe òun.

"Mo sì ń pè é bẹ́ẹ̀," Ganiyat ní. "Eyín rẹ̀ ò tiẹ̀ funfun, Kábíyèsí."

Kábíyèsí kọjú sí Sódìq, ó bi í pé níbo ló wà tí gbogbo èyí fi ń ṣẹlẹ̀.

Sódìq dọ̀bálẹ̀. "Ìfẹ́ ló fà á, Kábíyèsí. Bí wọ́n bá ti pè é ní 'ìyàwó wa', ṣe ni inú mi máa ń dùn ṣìnkìn. Mi ò rántí pé omi ló ń pọn."

Ọkàn Ganiyat fẹ́ yọ́, ó fi agbára mú un le. Ohun kan ṣoṣo ló wá gbà: kó máa wọ ilé tó fowó ara rẹ̀ rà bí onílé.

Kábíyèsí wá béèrè ẹni tó kọ́kọ́ wọlé nínú tọkọtaya náà. Matilda ní Sódìq ni, bẹ́ẹ̀dì wà lórí rẹ̀. Bàbá Ilésanmí ní irọ́, wọ́n jọ dira wọn lọ́wọ́ mú wọlé ni.

"Àwọn méjèèjì ń purọ́, sà," Godswill ní, kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. "Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún Àǹtí. Wọ́n ti jẹun tán kí Bọ̀dá tó dé. Mọ́tò tó kẹ́rù wọn ló taku sí Ẹgbẹ́dá."

Sódìq bojú. "Òótọ́ ni."

Kábíyèsí rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi wọ́.

"Ó parí. Ẹni tó dé kẹ́yìn ni ìyàwó. Sódìq ni ìyàwó ilé, òun ni yóò máa pọnmi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọkọ mẹ́ta yìí, ta ló fún yín níyàwó? Láàárín ọjọ́ méje, kí olúkúlùkù yín gbé ogójì iṣu, obì àti orógbó lọ bá ìyá Sódìq ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí Bàbá Ilésanmí ṣíwájú, kó dọ̀bálẹ̀ tòun ti sùtánà, kó ní òun wá tọrọ ọmọ wọn láti fi ṣaya. Ẹni tí kò bá lè lọ, ayálégbé ni."

Bàbá Ilésanmí ro ìyá Sódìq, ó ro iṣu. Ó kọjú sí Ganiyat, ó tẹrí ba.

"Lánlọ́ọ̀dù wa, ẹ kú ìjókòó o, mà."

Matilda kúnlẹ̀, Godswill dọ̀bálẹ̀. Kábíyèsí ní ó ti tó, kí gbogbo wọn máa lọ sílé, ìgbéyàwó ti tú ká.

Sódìq nìkan ni kò dìde. Ó fi eékún rìn dé ọ̀dọ̀ Ganiyat, ó gbójú sókè wò ó.

"Olówó orí mi," ó ní, "ẹ dárí jì mí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Ganiyat débi pé kò tètè sọ fún un kó dìde.