Ọ̀mì Tí Kásìmáawò Mì

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Ọ̀tayò ló ta ọ̀mì, òǹwòran ló mì ín"? Ẹ jókòó dáadáa. Mo mọ̀ pé àwọn ará ilé kan wà nílùú yìí tí wọ́n ń sọ kiri pé ọ̀dọ̀ tiwọn lòwe náà ti jáde. Irọ́ ni. Ọ̀fun tí ọ̀rọ̀ yìí gbà kọjá, ọ̀fun ilé wa ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá tó bí bàbá mi ló ni ín. Bí ìtìjú bá tiẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìtìjú wa ni, a ò ní í fi tọrẹ.

Kásìmáawò lorúkọ rẹ̀. Orúkọ àbíkú ni. Àwọn òbí rẹ̀ ti sin ọmọ títí kí wọ́n tó bí i, ni wọ́n bá ní kí àwọn ṣì máa wò ó ná. Òun gbọ́ orúkọ náà sódì, ó rò pé òun ni wọ́n ní kó máa wòran. Nígbà tó dàgbà, kò síbi tí wọ́n ti ń ta ayò tí ẹ ò ní í bá a, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ayò ta. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó jókòó sídìí ọpọ́n, Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ló pa á. Ọwọ́ òsì ni obìnrin náà fi gbé Adéọtí ọmọ wọn sọ́mú, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń jẹ ọkọ rẹ̀ nílé kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ẹnu ń bẹ. Bí ọ̀ta méjì, àwọn tó mọ ayò ta dójú àmì, bá dojú kọ ara wọn, Kásìmáawò á sọ èyí tó yẹ kí wọ́n ta, á bú èyí tí wọ́n ta, á sì ṣàlàyé èyí tí òun ì bá ta. Nítorí ẹnu yìí ni àdúgbò rẹ̀, Òkè-Iṣin, ṣe fún un ní àpótí iwájú. Àpótí ìdáná lásán ni o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà lórí rẹ̀ ni ẹnu àdúgbò. Òun ló ń fi àwọn ará Ìsàlẹ̀-Iṣin ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọpọ́n. Òfin kan ló de àpótí náà: ẹni tó bá lérí lórí rẹ̀ tí kò mú un ṣẹ, á dìde, á lọ dúró lẹ́yìn pátápátá láàárín àwọn tí kì í rí ọpọ́n. Kásìmáawò lè fi oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ tọrẹ. Kò lè fi àpótí yẹn tọrẹ.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, wọ́n fẹ́ mọ ọ̀ta tó ju ọ̀ta lọ. Dáramọ́lá ni ti Òkè-Iṣin, Ewégbèmí ni ti Ìsàlẹ̀-Iṣin. Ọjọ́ púpọ̀ ni wọ́n máa fi ta á lábẹ́ igi iṣin tó wà láàárín àdúgbò méjèèjì, àdúgbò tó bá borí ni ọpọ́n á máa sùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìlú dá iṣẹ́ sílẹ̀. Alágbẹ̀dẹ jẹ́ kíná àgbẹ̀dẹ rẹ̀ kú. Àwọn aláró fi aṣọ aláṣọ sílẹ̀ sínú ìkòkò. Àwọn obìnrin Òkè-Iṣin ti gbé ẹran ìṣẹ́gun kaná lẹ́yìn èrò.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Òjéníran, tí í ṣe ẹnu Ìsàlẹ̀-Iṣin, yíjú sí Kásìmáawò láti orí àpótí tirẹ̀.

"Ọkọ Àwẹ̀ró, mo gbọ́ pé ẹ ti ń se ẹran."

"Ó ti ń jinná. Òórùn rẹ̀ ló ń dà yín láàmú."

"Bí ó bá wá di ẹran ìtùnú ńkọ́?"

Ó yẹ kí Kásìmáawò rẹ́rìn-ín kó dákẹ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó gun orí àpótí. "Bí Dáramọ́lá ò bá pa Ewégbèmí láyò àkọ́kọ́ yìí, ẹ mú ọmọ ayò kan wá, màá gbé e mì lójú gbogbo yín."

Òkè-Iṣin hó yèè. Òjéníran mi orí. "Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi rántí o. 'Pa' ló wí."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ayò, ẹ mọ̀ pé ọ̀ta tòótọ́ kì í kánjú. Dáramọ́lá ta, Ewégbèmí ta. Tibí jẹ díẹ̀, tọ̀hún jẹ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi ilé sílẹ̀ fún ẹnì kejì. Oòrùn kò tíì mú tí àwọn méjèèjì fi gbójú sókè, wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí àna méjì tó pàdé lọ́nà odò. Bàbá Ọlọ́pọ́n, arúgbó tó ń tọ́jú ọpọ́n, ka ohun tí oníkálùkù jẹ. Ó dọ́gba.

"Ọ̀mì ni," ni bàbá wí. Àwọn ọ̀tayò bu omi mu, wọ́n ń béèrè àlàáfíà ọmọ ara wọn.

Àfi bí ẹni fi igi gún ilé agbọ́n.

"Ọ̀mì? Ṣé torí ọ̀mì ni mo ṣe fi ẹ̀bù iṣu sílẹ̀ sínú oòrùn?"

"Wọ́n ti jọ jẹun ṣáájú ni. Ẹ ò rí bí ètè wọn ṣe ń dán."

"Láyé àwọn bàbá wa, kò sóhun tó ń jẹ́ ọ̀mì. Ẹni méjì á jókòó, ẹnì kan á dìde, wọ́n á gbé ẹnì kejì lọ sílé." Ẹni tó sọ èyí, bàbá tirẹ̀ ni òpè ayò tó lókìkí jù lọ tí Òkè-Iṣin tíì bí.

Ọkùnrin kan ti gbẹ́ ihò sínú iyanrìn, ó ń fi han àwọn ènìyàn bí Ewégbèmí ì bá ṣe kú. Ẹlòmíràn gbẹ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fi han àwọn mìíràn bí Dáramọ́lá ì bá ṣe kú. Ojú ọ̀rọ̀ ti fẹ́ di ẹ̀ṣẹ́. Nídìí ọpọ́n, àwọn tó ni ayò ń pín obì jẹ.

Kásìmáawò nìkan ló ṣì ń wo ojú ọpọ́n.

"Ọkọ Àwẹ̀ró," ni Òjéníran wí, "ṣé Dáramọ́lá pa á?"

"Òun náà ò pa Dáramọ́lá."

"Mi ò bi yín léèyí."

Kásìmáawò sáré kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀ta rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n Dáramọ́lá, ẹ dákun, ẹ padà sídìí ọpọ́n. Ká ní ẹ ta ilé kẹta yẹn ni, ọkùnrin yìí ti kú."

Dáramọ́lá ń jẹ obì rẹ̀ lọ. "Kásìmáawò, ọjọ́ àkọ́kọ́, a kàn ń gbóòórùn ara wa ni. Ilé kẹta mi ò sì ní nǹkan kan nínú."

Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Òjéníran dìde, ó ní kí Bàbá Ọlọ́pọ́n jọ̀ọ́, kó yá àwọn lọ́mọ ayò kan. Kásìmáawò wo ọmọ ayò. Ó le bí òkúta. Ó wo àpótí rẹ̀. Òógùn bò ó.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sẹ́yìn díẹ̀. Èrò pọ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn kò rí nǹkan kan, ẹnu ni wọ́n fi ń wòran. Àwọn iwájú sọ fún àwọn àárín pé, "Ọ̀mì ni." Ṣùgbọ́n láàárín yẹn, ọ̀rọ̀ bọ́ sẹ́nu ọkùnrin kan tó ki ẹ̀pà kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ohun tí àwọn obìnrin ìdí ẹran gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ó mì ín."

"Ó mì ín kẹ̀?" Àwẹ̀ró ju ìpọnkọ̀ tó fi ń ro ẹran nù. Gbogbo wọn ló ti gbọ́ ìlérí ọkọ rẹ̀. Ó gbé kèrègbè epo, ó fi èjìká lànà, àwọn obìnrin tò tẹ̀ lé e, wọ́n ń ké pé, "Ó ti mì ín, ó ti mì ín."

Òjéníran yíjú padà. "Ìgbà wo ló mì ín?"

Kásìmáawò ti la ẹnu láti sọ pé òun ò mì nǹkan kan. Ìgbà náà ni òye là sí i. Àṣé kò di dandan kí èèyàn mì ín. Bí ìlú bá ti gbà pé ó mì ín, àpótí kò ní í bọ́. Ó di ọ̀fun mú. "Mo ti mì ín. Ẹ̀yin lẹ ò wò mí."

Òkè-Iṣin hó. Inú Kásìmáawò dùn tó ìgbà tí èèyàn lè ṣẹ́jú. Àwẹ̀ró di imú rẹ̀ mú, ó sì dorí kèrègbè kodò sí i lẹ́nu.

"Bàbá Adéọtí, ẹ gbé epo yìí mì, kí ọmọ ayò lè bá a jáde."

Wọ́n bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn rẹ̀. Àwọn géńdé gbé e lẹ́sẹ̀ sókè, wọ́n ń lu ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni ń lu aṣọ òfì. Ó bì. Ògì àárọ̀ jáde, iṣu àná jáde. Ọmọ ayò tí kò wọlé ò jáde.

"Ó ti lọ jìnnà," ni àwọn obìnrin wí, wọ́n tún bu epo sí i.

Òjéníran ò jẹ́ kí wọ́n pariwo mọ́ òun. "Ẹ jẹ́ ká ka ọmọ ayò. Bó bá mì ín lóòótọ́, á dín ọ̀kan."

Bàbá Ọlọ́pọ́n ní ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Ó ní kí wọ́n sún sẹ́yìn kí òun lè ríran. Kásìmáawò ṣe bí ẹni tí òòyì ń kọ́, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó ṣubú lé etí ọpọ́n, ó sì fi ìka méjì yọ ọ̀kan. Ibi tó máa fi í sí wá di wàhálà. Kò sẹ́wù lọ́rùn rẹ̀, epo ń yọ̀ lára rẹ̀, Àwẹ̀ró sì ń bọ̀ wá nu ọwọ́ rẹ̀. Ó jù ú sẹ́nu. Kò fẹ́ mì ín o. Abẹ́ ahọ́n ló fẹ́ fi í pamọ́ sí.

Bàbá kà á, ó tún un kà. "Ó dín ọ̀kan."

Dáramọ́lá fúnra rẹ̀ dìde. Orí rẹ̀ wú pé ẹnì kan lè ṣe báyìí torí òun. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá Kásìmáawò lẹ́yìn, gbàá. "O ṣe ọkùnrin."

Ọmọ ayò lọ. Pẹ̀lú gbogbo epo tó wà lọ́nà, kò tilẹ̀ fara kan ibì kankan.

Ẹ̀rù wá bà á wàyí, ẹ̀rù gidi. Ó di Àwẹ̀ró mú. Ohùn rẹ̀ ti rì sínú epo. "Mo mì ín," ló rò pé òun ń sọ, ṣùgbọ́n "ọ̀mì ni" ló ń dún létí wọn.

Ṣùgbọ́n àwọn ará iwájú ti wá là á yé Àwẹ̀ró báyìí pé kò sẹ́ni tó pa ẹnì kejì. Ó fọwọ́ pa á lórí. "A ti gbọ́, Bàbá Adéọtí. Ọ̀mì ni. Ẹ gba kámú."

Wàhálà kò tíì tán. Bàbá Ọlọ́pọ́n ní ara igi kan náà ni àwọn baba ńlá ti ká àwọn ọmọ ayò yẹn, òun ò ní í pa ọmọ àlejò pọ̀ mọ́ wọn. Títí ọ̀kan yẹn yóò fi padà, kò sáyò. Bí ìlú ṣe kó ẹsẹ̀ kúrò lábẹ́ iṣin nìyẹn, tí wọ́n lọ tò sí ẹ̀yìnkùlé Kásìmáawò. Àwẹ̀ró ń se ilá, ó ń po àgbo ewé àsunwọ̀n tó ń fọ inú. Dáramọ́lá àti Ewégbèmí, tí kò ní ọpọ́n mọ́, gbé àga síbi ọgbà tí Kásìmáawò ti lóṣòó lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó ń kánjú," ni Ewégbèmí wí.

"Ẹsẹ̀ òsì ni kò bá fi síwájú," ni Dáramọ́lá dáhùn.

"Ẹsẹ̀ òsì kọ́. Kó tẹ̀ síwájú díẹ̀ ni."

Láti ẹ̀yìn ọgbà, ohùn kan tó ti rẹ̀ dá wọn lóhùn. "Ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣe é ló mọ bó ṣe ń ṣe é."

Ọmọ ayò padà jáde. Bàbá Ọlọ́pọ́n fi eérú fọ̀ ọ́, ó fi iyanrìn fọ̀ ọ́, ó tún fi omi ọsàn fọ̀ ọ́, wọ́n sì tún ayò bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bi mí ẹni tó borí. Èmi tí mo lè ka orúkọ àwọn ará ilé wa títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ fi àdá ṣánko níbí, kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi. Kò sẹ́ni tó rántí.

Àpótí ni wọ́n rántí. Wọ́n gbé e síwájú pẹ̀lú ọlá, torí láti ìgbà tí àpótí ti wà, kò sí ẹnu tó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ bíi ti Kásìmáawò. Òjéníran fúnra rẹ̀ fi etí aṣọ nù ún.

"Ọkọ Àwẹ̀ró, ẹ jókòó. Ó tọ́ sí yín."

Kásìmáawò wo àpótí. Ó rọra tẹ̀, ó fara kàn án, ó sì yára nàró. Àgbo àsunwọ̀n kì í ṣe eré, ìdí tó bá ti rí i kò lè fara kan pákó. Ó ní òun á dúró. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ó ń dí àwọn lójú, kó sún. Ó sún. Wọ́n ní kó tún sún. Títí ó fi dé ẹ̀yìn pátápátá, lọ́dọ̀ àwọn tí kì í rí ọpọ́n, níbi tí ọkùnrin kan ti ń jẹ ẹ̀pà.

Dáramọ́lá àti Ewégbèmí ti gbàgbé ọ̀mì ọjọ́ yẹn tipẹ́. Kásìmáawò ni kò lè jókòó. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni méjì tí wọ́n jọ parí ọ̀rọ̀ ara wọn wọ́ọ́rọ́wọ́, tí ẹ wá ń lérí, tí ẹ ń laágùn lórí rẹ̀, ẹ rántí ọ̀fun ilé wa. Ọ̀tayò ló ta ọ̀mì, òǹwòran ló mì ín.