Ọ̀gá Jókòó-Jẹ́jẹ́ Gba Ipò Kìíní

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ ju oúnjẹ lọ, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé kan tí àwọn ọmọ ń pè ní Jókòó-Jẹ́jẹ́. Arẹwà orí pèpéle, apàṣẹ-má-sinmi, kìnnìún níwájú ọmọ ọdún méje. Inú rẹ̀ kì í dùn àfi bí ẹsẹ̀ kankan kò bá mira ní kíláàsì.

Ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé: kí wọ́n fi òun ṣe alábòójútó gbogbo ilé-ìwé àdúgbò, torí ẹni tó wà nípò náà ti fẹ́ fẹ̀yìntì.

Ni dókítà obìnrin kan bá kó àwọn ẹ̀rọ kéékèèké wá, tó dà bí aago ọwọ́. Ó ní kí àwọn ọmọ so ó mọ́wọ́ fún ọjọ́ méje, yóò sì máa ka gbogbo bí ara wọn bá ṣe ń...

"Ó ti yé mi," ni ọ̀gá já lu ọ̀rọ̀. "Ilé-ìwé mélòó lẹ fẹ́ kó o dé?"

"Mẹ́wàá, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé..."

"Ẹ má wulẹ̀ dààmú. Ipò kìíní, tiwa ni."

Lójú tirẹ̀, ẹ̀rọ tó bá ń ṣọ́ ara ọmọ, ọmọ aláìgbọràn ló ń wá. Kí ló tún lè máa wá? Ó ti gbogbo bọ́ọ̀lù mọ́ yàrá ẹrù, ó sọ kọ́kọ́rọ́ sápò. Ó fagi lé ìsinmi ọ̀sán. Ó ní kí olùkọ́ eré ìdárayá, ọmọge kan tí kì í lè dúró lójú kan, máa kọ orúkọ ẹni tó bá mira.

"Ọ̀gá, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ yìí ti ń kú o."

"Kọ orúkọ ẹsẹ̀ náà sílẹ̀."

Ọjọ́ èsì pé. Ọ̀gá kó àwọn ọmọ jọ sí gbọ̀ngàn, ó pe òbí, ó pe alábòójútó, ó wọ kóòtù tuntun. Dókítà rọra sún mọ́ ọn: "Sà, ẹ jẹ́ ká lọ sọ ọ́ ní ọ́fíìsì yín."

"Ní kọ̀rọ̀ kẹ̀? Ẹ kà á síta. Kí wọ́n gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Nínú ilé-ìwé mẹ́wàá, àwọn ọmọ ibí ló jókòó jù."

Ọ̀gá tẹríba, ó sì pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.

"Ohun tí à ń wá, sà, ni bí ọmọ ṣe ń sáré sí, bó ṣe ń fò sí, kí ara rẹ̀ lè le. Àwọn aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì wa ń rìn jù wọ́n lọ."

Ìyá kan dìde: "Abájọ tí ọmọ mi fi ń sunkún orúnkún. Ẹ̀yin lẹ dè é mọ́lẹ̀."

"Wọn... wọn ò ṣàlàyé fún mi ni," ọ̀gá ń kólòlò.

"Ẹ ò jẹ́ kí n ṣe é ni, sà," ni dókítà fèsì.

Alábòójútó béèrè pé, "Bọ́ọ̀lù wọn dà?"

Olùkọ́ eré ìdárayá dáhùn: "Ó wà ní yàrá ẹrù, sà. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò ọ̀gá."

"Ẹ lọ kó o wá." Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí rìn tìyì-tẹ̀yẹ. "Mo ní ẹ sáré. Àwọn ọmọ ti dúró fún ọjọ́ méje. Ipò mi tí ẹ sì ń wá, ẹ má wá a mọ́."

Ọ̀gá ki eré mọ́lẹ̀ la pápá kọjá, kóòtù ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ rọ́ lọ sójú fèrèsé, wọ́n ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ sókè, àwọn òbí ń gbè wọ́n. Wọ́n ka ogún, wọ́n ka ọgbọ̀n. Nígbà tó di méjìdínlógójì, ó jókòó sórí koríko, kò sì lè sọ̀rọ̀.