Adìẹ Àna Lórí Okùn Katakata

Ṣé ẹ mọ ohun tó fà á tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń parí ìjà ni. Àwọn kan á ní okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí ni. Irọ́ ni! Okùn ara katakata ni, katakata tí wọ́n fi ń túlẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ ńlá lẹ́yìn, ẹlẹ́sẹ̀ kékeré níwájú. Ẹni tó bá sì ní òwe yẹn ti wà kí katakata tó dé, ẹ bi í bóyá ó wà níbẹ̀.

Awakọ̀ katakata kan wà ní abà Ìdí-Ọ̀dán, Múfútáù lorúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ló ni katakata náà, ṣùgbọ́n bí Múfútáù ṣe ń nù ún, wọn kì í nu ọmọ tuntun bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti gun orí rẹ̀ ló ti kó gbogbo ọkọ́ ilé rẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ, ó ní kó fi wọ́n rọ ọ̀bẹ. Ó ní òun àti ọkọ́ di ọ̀run.

Ìgbà tó wá rí Ṣìfáwù, tó ní òun fẹ́ ẹ, ẹ ṣáà mọ àṣà: ẹni tó bá fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, yóò kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn lọ ṣe ọ̀wẹ̀ ní oko àna. Bàbá Ṣìfáwù, tí ẹnikẹ́ni kò rí eyín rẹ̀ rí àfi ọjọ́ tí eyín bá ń dùn ún, fi ilẹ̀ éékà mẹ́rin hàn án.

Múfútáù ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Mi ò ní pe ọ̀rẹ́ kankan. Kí oòrùn Ọjọ́bọ̀ tó wọ̀, èmi nìkan á ti tú u tán."

"Tí o ò bá wá tú u ńkọ́?"

"Kí ẹ fún ẹlòmíì lọ́mọ yín."

Ẹnu ẹja ló ń pa ẹja. Bàbá kàn mi orí, ó wọlé.

Ẹ gbọ́ ti okùn o. Katakata tó ń lo dísẹ̀lì, bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà láti àárọ̀ dọ̀la, kò ní kú. Wáyà kan ló ní tí wọ́n máa ń fà, tí yóò dí ọ̀nà epo mọ́ ẹ́ńjìnnì lẹ́nu. Ìgbà yẹn ni yóò tó dákẹ́. Wáyà ti Múfútáù ti já láti ọdún kẹta. Ló bá so okùn mọ́ irin kékeré tó ń dí epo náà, ó fà á gba orí ìjókòó kọjá, ó so ó mọ́ òpó ẹ̀yìn, ó le gbagidi. Bó bá fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kú, á fi ọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ okùn náà bí ẹni ń fa omi kànga, torí irin ọ̀hún ti dípẹtà. Kí ojú má baà tì í lọ́dọ̀ àna, ó fi òrí pa irin náà lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ó wá rọ̀ débi pé bí eṣinṣin bá bà lé okùn, irin á kí i káàbọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú yẹn náà ló gbé katakata sí àgbàlá àna kó lè tètè bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, adìẹ pupa kan ló bá lórí okùn náà. Adìẹ Bàbá ni. Ó sanra tó ewúrẹ́ olóyún.

Ṣìfáwù ní, "Ẹ jẹ́ kí n lé e sọ̀kalẹ̀."

"Má dán an wò! Adìẹ Bàbá? Ṣé kí wọ́n ní ilẹ̀ ò tíì mọ́, mo ti ń lé nǹkan ọ̀sìn wọn kiri?" Múfútáù fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún adìẹ náà. Ó tilẹ̀ bu àgbàdo sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e sí i lẹ́nu lórí okùn níbẹ̀, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ bóyá Bàbá ń rí òun.

Ó yí kọ́kọ́rọ́. Gírí gírí gírí gírí. Ẹ́ńjìnnì ń yí, kò gbiná. Ó tún un yí. Gírí gírí gírí. Òógùn bo ojú rẹ̀. Bàbá Ṣìfáwù gbé àpótí síta, ó jókòó, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ọ̀gá Ràímì, mẹkáníìkì, láti ìlú. Ọ̀gá Ràímì kò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tó fi bèèrè pé, "Ta ló fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn?"

"Èmi ni, Ọ̀gá."

"O ti bà á jẹ́ nìyẹn." Ó yọjú sínú táǹkì: ó kún. Ó gbọ́ ohùn bátìrì: ó le. Ó ní, "Atẹ́gùn ló wọ inú ẹ̀. Katakata kì í gbé atẹ́gùn mì." Ó tú nọ́ọ̀tì, ó ní kí Múfútáù máa fi ọwọ́ pọ́ńpù kí dísẹ̀lì lè lé atẹ́gùn jáde. Múfútáù pọ́ńpù títí dísẹ̀lì fi ṣàn lọ sábẹ́ àpótí tí Bàbá jókòó lé. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Gírí gírí. Wọ́n tún pọ́ńpù, dísẹ̀lì tún ṣàn, àwọn pẹ́pẹ́yẹ ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.

Ọ̀gá Ràímì wá tú páìpù òkè. "Háà! Epo ò dé ibí yìí rárá! Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló dí." Ó fi ẹnu fa páìpù, ó gbé dísẹ̀lì mì. Fún oṣù mẹ́ta gbáko lẹ́yìn náà, ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ kó súnmọ́ àdògán.

Ní gbogbo àkókò yìí, adìẹ wà lórí okùn. Bí wọ́n bá mi katakata, okùn á jì, adìẹ á na ìyẹ́, á fi èékánná di okùn mú, á ké, "Kẹ́-kẹ́-kẹ̀ẹ̀!" Múfútáù á sá wá, á gbá a mú pẹ̀sẹ̀, á ní, "Ẹ rọra o, adìẹ Bàbá!"

Ọ̀sán pọ́n. Ogún ọkùnrin tì í, kò dáhùn. Wọ́n lọ yá màlúù mọ́kànlá lọ́wọ́ Fúlàní, wọ́n so wọ́n mọ́ iwájú rẹ̀, wọ́n ní bí wọ́n bá fà á yóò gbiná. Màlúù fà á yíká àgbàlá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀kẹrin wọ́n fà á gba inú ilé ìdáná kọjá. Ìyá Ṣìfáwù ń se ẹ̀wà lọ́wọ́. Ògiri lọ, òrùlé lọ, Ìyá àti ìkòkò ẹ̀wà ló kù níta gbangba.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," Ìyá ní, ó ń ro ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Katakata kò gbiná. Adìẹ kò sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí oòrùn fi ẹsẹ̀ kan lé orí igi, Bàbá dìde. "Múfútáù."

"Bàbá."

"Oòrùn ń lọ."

"Mo rí i, sà."

Bàbá wọlé, ó mú ọkọ́ kan jáde, ó gbé e síwájú rẹ̀. Múfútáù wo ọkọ́, àfi bíi pé ọkọ́ náà mọ̀ ọ́n. Ó rí i lọ́kàn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sin Ṣìfáwù lọ sílé ọkùnrin mìíràn, tí òun náà yóò máa kí i lọ́nà odò pé, "Ẹ ǹlẹ́ o, ìyàwó." Ó jókòó sínú dísẹ̀lì, ó bú sẹ́kún. Ọ̀gá Ràímì, tó ti ń di sípánà rẹ̀, ní, "Ẹ jẹ́ n yí i lẹ́ẹ̀kan, kí n fi kí i pé ó dàárọ̀."

Ara ti kan Ṣìfáwù. Kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó da àgbàdo sílẹ̀, "Kúrú kúrú kúrú!" Adìẹ fò bà sílẹ̀, Ọ̀gá Ràímì sì yí kọ́kọ́rọ́.

GBÙRÙRÙRÙRÙ!

Ẹ́ńjìnnì gbiná, ilẹ̀ mì, èéfín dúdú bo abà. Ẹ̀rù ba adìẹ, ó fò padà sórí okùn. Kẹ́! Ẹ́ńjìnnì kú.

Gbogbo èèyàn wo adìẹ. Adìẹ wo gbogbo èèyàn.

Bàbá ní, "Múfútáù, kí ló pa á?"

Múfútáù wo irin, ó wo okùn, ó wo adìẹ. Gbogbo rẹ̀ yé e. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, tí yóò tún fẹ̀sùn kan adìẹ wọn? Ó ní, "Ó... ó dà bíi pé atẹ́gùn ni, Bàbá."

"Ṣé atẹ́gùn yẹn ló yé ẹyin sílé mi lánàá?" Bàbá bá bú sẹ́rìn-ín. Eyín kò sì dùn ún lọ́jọ́ náà o! Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé adìẹ kúrò. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Gbùrùrù! Múfútáù fò sórí ìjókòó, ó kọrí sí oko, ó tú ìlà kan, ó tú ìdajì èkejì. Kẹ́! Ó kú.

Wọ́n yára wo okùn. Kò sí adìẹ níbẹ̀. Wọ́n wo táǹkì. Gbogbo dísẹ̀lì ti tán sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wá atẹ́gùn. Oòrùn sì wọ̀.

Bàbá ní, "Ẹni tó lè jìyà láti òwúrọ̀ dalẹ́ torí kó má baà lé adìẹ mi, kò ní lu ọmọ mi. Mo fún ọ ní Ṣìfáwù. Ṣùgbọ́n éékà mẹ́rin ṣì jẹ́ éékà mẹ́rin." Ó na ọkọ́ sí i.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni Múfútáù fi ro ó, tí adìẹ pupa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, tó ń ṣa ekòló jẹ nínú ebè rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá sin ìyàwó dé, adìẹ náà wà nínú ẹrù rẹ̀. Bàbá ló fi ta wọ́n lọ́rẹ. Kí ni Múfútáù lè sọ? Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Wọ́n tú adìẹ sílẹ̀ ní àgbàlá ọkọ, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí katakata, ó fò. Ẹ mọ ibi tó bà sí. Ìgbà náà ni Múfútáù káwọ́ lérí, tó sọ ọ́ jáde lẹ́nu fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé: adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ.