Mo Dágbére fún Gbogbo Ilé, Mo Tún Padà Dé

Ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé bí mo bá tiẹ̀ gbàgbé orúkọ ara mi, n kò ní gbàgbé rẹ̀. Kókó kan tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin ká ló wú lára mi, tó fún ọ̀nà náà pa. Wọ́n ti ki rọ́bà bọ ojú ọ̀nà ìtọ̀ mi kí ìtọ̀ lè ráyè jáde, mo wá ń gbé àpò ìtọ̀ kiri ìlú Ẹdẹ lábẹ́ ṣòkòtò bí ẹni tó jí nǹkan pamọ́. Dókítà mi, ọmọbìnrin kan tí kò tíì tó àbígbẹ̀yìn mi lọ́jọ́ orí, ní iṣẹ́ abẹ ló kù, pé wọn ò ní la ikùn rárá. Ojú ọ̀nà ìtọ̀ náà ni wọ́n máa fi irinṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbà wọlé, wọ́n á máa ha kókó náà díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lọ́nà Sẹ̀kọ́nà ni mo lọ bi. Ẹ wo ẹni tí mo lọ bi! "Wọn kì í ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹni tó bá ti lé láàádọ́rin," ó ní. "Tí wọ́n bá tún gbọ́ pé ò ń lo oògùn míì, ilé ni wọ́n máa lé ọ lọ tìwọ ti rọ́bà ẹ." Ẹ̀rù rọ́bà náà bà mí ju ti ikú lọ. Nígbà tí dókítà béèrè ọjọ́ orí mi, mo ní ọgọ́ta ọdún ó lé mẹ́ta. Ó ní ṣé mò ń lo oògùn kankan, mo ní rárá. Bẹ́ẹ̀, àràárọ̀ ni mò ń mu oògùn kékeré kan tí wọ́n fún mi nílé ìwòsàn mìíràn nígbà tí apá òsì mi dédé rọ, kí ẹ̀jẹ̀ mi má baà máa dì.

Nígbà tó ku ọ̀la, mo kó gbogbo ilé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn tá a kírun tán. Nílé tiwa, ẹni tó bá ń lọ síbi tí kò dájú gbọ́dọ̀ tọrọ àforíjì. Mo kọjú sí àbúrò mi. "Gàníyù, ààlà oko bàbá wa, èmi ni mo hú pẹ̀rẹ̀gún yẹn tí mo tún un gbìn sínú tìẹ. Ebè mẹ́rin ni mo gbà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti forí jì yín. Ẹ ṣáà lọ kẹ́ ẹ bọ̀."

Mo kọjú sí ìyàwó mi. "Ìyá Rìsí, ewúrẹ́ dúdú tó o torí ẹ̀ ṣépè fún gbogbo àdúgbò, olè kọ́ ló jí i. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi la jẹ ẹ́."

Ó ní ta ló tún ń sọ ti ewúrẹ́. Gbogbo wa sunkún. Kí n má purọ́, mo gbádùn ẹkún náà díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti wọ aṣọ yàrá iṣẹ́ abẹ fún mi, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu, ni ìyàwó mi bá tú àpò. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí wọ́n fi omi díẹ̀ mu oògùn àárọ̀ wọn?"

"Oògùn wo, Màmá?"

Mò ń ṣẹ́jú sí ìyàwó mi, ó rò pé eruku ló kó sí mi lójú. Dókítà gba páálí náà, ó kà á, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

"Bàbá, tí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà lónìí, mi ò ní mọ ohun tó fà á tí kò fi fẹ́ dá. Ọdún mélòó gan-an lẹ jẹ́?"

"Mẹ́rìnléláàádọ́rin," mo fèsì bí ọmọ iléèwé tó jí gààrí mu.

"A ti ṣe é fún ẹni tó dàgbà jù yín lọ. Àyẹ̀wò ọkàn àti kíndìnrín yín dáa. Tá a bá mọ ohun tó wà lára yín, a máa múra sílẹ̀ fún un. Ẹ máa lọ sílé ná. Èmi àti dókítà tó fún yín loògùn yìí á jọ sọ̀rọ̀."

Ilé kẹ̀? Ilé tí mo ti dágbére fún!

Gàníyù ń gé èékánná lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí kẹ̀kẹ́ já wa sílẹ̀. Ó wo àpò ọwọ́ mi, ó wo ojú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti dé?"

"Wọ́n sún un síwájú."

"Alihamudulilai." Ó tún gé ìka méjì sí i. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ká kúkú lọ wo pẹ̀rẹ̀gún yẹn lọ́la."

A lọ, tèmi ti rọ́bà. Ebè mẹ́rin ni mo pè é, ó kà á, ó di mẹ́fà. Ìyá Rìsí ò bá mi jà ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń bi mí irú ọbẹ̀ tá a fi ewúrẹ́ náà sè. Kò sẹ́ni tó tún sunkún.

Nígbà tí àwọn dókítà méjèèjì sọ̀rọ̀ tán, tí mo padà sílé ìwòsàn, abẹ́rẹ́ kan ni wọ́n gún mi lẹ́yìn, ìsàlẹ̀ ara mi kú, ojú mi sì là sílẹ̀ tí mò ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Ìtọ̀ mi pọ́n fún ọjọ́ díẹ̀, ó ta mí nígbà tí wọ́n yọ rọ́bà, ṣùgbọ́n mo dúró, mo tọ̀ fúnra mi. Omijé bọ́ lójú mi, èyí tí n kò pe ẹnikẹ́ni wá wò.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn tí kò lè gbà mí lọ́wọ́ ikú ni mo tú gbogbo àṣírí mi fún. Ẹni tí ẹ̀mí mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni mo purọ́ fún. Tí mo bá lọ rí i báyìí, kó tó béèrè ni mo ti ń ka nǹkan sílẹ̀ fún un: oògùn ẹ̀jẹ̀, àgbo tí wọ́n ń polówó ní gáréèjì, obì tí mo jẹ lánàá. Lọ́jọ́ tí mo lọ gbẹ̀yìn, ó gbé bíìrò sílẹ̀. "Bàbá, ti obì kọ́ là ń sọ." Ojú tì mí, mo rẹ́rìn-ín, mo sì sọ fún un pé méjì ni mo jẹ.