Eyín tí Ọ̀bọ Là sí Mi Nílé Àna

Ọjọ́ tí mo lọ tọrọ Àṣàkẹ́ ní àdúgbò Bẹẹrẹ ò ní tán lọ́kàn mi títí láé. Ogun ṣì wà lójú ọ̀nà nígbà náà, gbogbo ọ̀dọ́kùnrin ló sì ń wá ìyàwó kí wọ́n tó gbéra lọ sójú ogun. Bí bàbá rẹ̀ bá kọ̀ mí, ẹlòmíràn ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi kìlọ̀ fún mi: “Má fajú ro o! Èjí tí Ọlọ́run fún ọ, jẹ́ kí wọ́n rí i.” Èmi náà kúkú fẹ́ràn èjí mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo débẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkọ ìyàwó kì í dìde àfi tí wọ́n bá ní kó dìde, àwọn obìnrin ilé sì mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé mi síbẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí ọ̀bọ méjì, akọ àti abo, tí wọ́n so mọ́ òpó. Ọdẹ ni bàbá Àṣàkẹ́. Mo ní kí n kúkú kí tènìyàn tẹranko ilé yìí. Mo la eyín sí abo, òun náà la tirẹ̀ sí mi. Háà, ọ̀bọ ti gbà fún mi! Mo tún fẹ eyín sí i, òun náà fẹ tirẹ̀ títí èrìgì rẹ̀ fi yọ.

Akọ tó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́ wá wo ojú abo. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wò ó, ó ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ nù. Okùn rẹ̀ mà gùn o! Kí n tó pe orí mi, ó ti gun ẹ̀yìn mi, ó ki etí mi ọ̀tún bọnu. Bí mo bá dìde, mo tàbùkù àwọn àna mi. Bí n ò bá dìde, etí lọ. Mo la ẹnu, mo figbe ta.

Bàbá Àṣàkẹ́ sáré jáde. “Má mira! Pa ẹnu rẹ dé!”

Mo pa á dé. Abo náà bo èrìgì rẹ̀. Akọ tún wo ojú rẹ̀, ó sì tú etí mi sílẹ̀.

“Ẹ̀rín kọ́ ni abo yẹn ń rín,” ni bàbá wí. “Ẹ̀rù rẹ ló ń bà á. Ọkọ rẹ̀ rí i lójú rẹ̀, ló ṣe gbèjà rẹ̀. Ìwọ tó ò mọ ẹ̀rù lójú ọ̀bọ, ṣé lójú ọmọ mi lo ó ti mọ̀ ọ́n?”

Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń wọlé lọ. Mo gbé! Ni mo bá rí Àṣàkẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi aṣọ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, omijé ń dà lójú rẹ̀.

Mo ké tẹ̀lé bàbá: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọmọ yín! Ẹ̀rù ló ń bà á pé ẹ máa lé mi lọ.”

Bàbá wò ó títí, ó mí kanlẹ̀. “Ó dáa. O mọ ẹ̀rù lójú ọmọ mi. Dìde.” Bí mo ṣe rí ìyàwó fẹ́ nìyẹn.

A ti bímọ mẹ́ta kí Àṣàkẹ́ tó jẹ́wọ́. “Baálé mi, ẹ̀rù wo ló ń bà mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn? Ẹ̀rín ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí!”

Láti ọjọ́ tó jẹ́wọ́ yìí, n kì í yára sọ pé mo mọ ohun tó wà lójú ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ náà, èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Kí ni mo tún lè ṣe?