Fún Ìyá Ni, Kì í Ṣe Fún Ìyà

Ilé òògùn kékeré kan ni, tí àwọn ike ìpara funfun tò sórí pẹpẹ rẹ̀ bí eyín ọmọdé. Apòògùn, ọ̀mọ̀tán tó wọ aṣọ funfun balau, ń fi ọ̀pá ro ìpara. Bàbá Géètì, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà iléèwé, wọlé. Ó fi fìlà bo àyà dípò orí.

APÒÒGÙN: Ẹ káàbọ̀, Bàbá Géètì! Ike kejì ti Màmá ilé yín lẹ wá gbà?

BÀBÁ: Rọra ná. Ìpara tí o pò fún wa yẹn, ó ṣiṣẹ́.

APÒÒGÙN: Mo sọ ọ́! Ooru àgbà obìnrin ò mú Màmá mọ́?

BÀBÁ: Ooru ń mú un. Lánàá ó ṣí fèrèsé, ó ṣílẹ̀kùn, ó wá ń wò mí bí ẹni pé kó ṣí èmi náà.

APÒÒGÙN: Níbo ló wá ti ṣiṣẹ́?

BÀBÁ: (Ó gbé fìlà kúrò.) Níbí.

(Bọ́tìnì aṣọ iṣẹ́ Bàbá já, ó fò, ó ba ike kan lórí pẹpẹ.)

APÒÒGÙN: Yéè! Bàbá! Ọmú!

BÀBÁ: Tún pariwo sí i, kí àdúgbò wá kí mi kú oríire. Àwọn ọmọ iléèwé ò pè mí ní Bàbá Géètì mọ́, Ìyá Géètì ni. Ọ̀kan tiẹ̀ ní kí n bá òun di irun.

APÒÒGÙN: Ta ló ní kẹ́ ẹ fi para? Òògùn àdáni ni! Màmá nìkan ni mo wọ̀n ọ́n fún!

BÀBÁ: Ka ohun tí o kọ sára ike.

(Ó na ike òfìfo sí i. Ohun tó wà lára rẹ̀ ni: FUN IYA NIKAN.)

APÒÒGÙN: Fún ìyá nìkan.

BÀBÁ: Àmì dà lórí ẹ̀? Fún ìyà nìkan ni èmi kà. Ta ni ìyà ń jẹ nínú ilé wa bí orúnkún mi? Mo fi pa á láàárọ̀, mo fi pa á lálẹ́.

APÒÒGÙN: Ẹ ò bá ti bi Màmá.

BÀBÁ: Òògùn orí fífọ́ lásán máa ń ní ìwé àlàyé tó gùn bí ọ̀rọ̀ ìpín ogún. Mo tú inú tìrẹ títí, ìpara ni mo bá.

APÒÒGÙN: Ìmọ̀ ò nílò ìwé, Bàbá. Àdánidá ni nǹkan yìí! Họ́mónù, èròjà tó wà lára obìnrin gan-an ni. Ohun àdánidá kì í pani lára.

BÀBÁ: Àdánidá ni ejò náà.

APÒÒGÙN: Ti ilé ìwòsàn dà bí aṣọ tí wọ́n rán láìwọn ẹnikẹ́ni. Èmi, mo wo ojú Màmá, mo mọ ìwọ̀n rẹ̀.

BÀBÁ: Ojú! Èmi tí mo ti ń wo ojú yẹn láti ìgbà èwe, n ò tíì mọ ìgbà tí inú ń bí i. Ṣé ẹnikẹ́ni ti dán òògùn yìí wò?

APÒÒGÙN: (Ó gbé ike síwájú iná.) Ó ń dán gan-an, sà. Ẹ wò ó.

BÀBÁ: Mi ò ní kó dán, mo ní kí wọ́n dán an wò!

APÒÒGÙN: Ẹ fọkàn balẹ̀. Ike tuntun yìí á lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

BÀBÁ: Báwo lo ṣe mọ̀?

APÒÒGÙN: Mo fura ni. Ọwọ́ máa ń wúwo nígbà míì.

BÀBÁ: Ó yé mi wàyí. Ìdí nìyẹn tí ìyàwó mi fi padà di ọmọge.

APÒÒGÙN: Báwo?

BÀBÁ: Nǹkan oṣù tó ti dúró kí àbíkẹ́yìn wa tó wọlé ọkọ, ó tún yọjú níjẹta. Inú ẹ̀ dùn! Ó ń kọrin ní balùwẹ̀. Ó ní tí mo bá ń ṣeré, òun á tún lóyún fún mi.

(Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ Apòògùn.)

APÒÒGÙN: Ẹ̀jẹ̀?

BÀBÁ: Ẹ̀jẹ̀. Kí ló dé tó ò rẹ́rìn-ín mọ́?

APÒÒGÙN: Bàbá, ẹ jókòó.

BÀBÁ: Mi ò jókòó. Tí wọ́n bá ti ní kéèyàn jókòó, ọ̀rọ̀ kì í dáa.

APÒÒGÙN: Obìnrin tí nǹkan oṣù ẹ̀ ti dúró pẹ́, tó wá tún rí ẹ̀jẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ yẹ ilé ọmọ ẹ̀ wò. Ó lè máà jẹ́ nǹkan kan. Ó sì lè jẹ́ nǹkan. Họ́mónù kan ń mú kí inú ilé ọmọ nípọn, èkejì ló ń kó o níjàánu. Tí èkejì ò bá tó, ó lè di jẹjẹrẹ…

BÀBÁ: Ṣé o fi èkejì sí i tó?

APÒÒGÙN: Mo rò bẹ́ẹ̀.

BÀBÁ: O rò bẹ́ẹ̀. (Ó fún fìlà mọ́wọ́.) Ọmọ mi, òun nìkan ló mọ ibi tí mo máa ń gbé awò ojú mi sí. Tí n bá ń wá awò, òun ni mò ń pè. Tí n bá wá ń wá òun, ta ni n ó pè?

(Apòògùn gbé ike tuntun náà, ó jù ú sínú pàǹtí.)

APÒÒGÙN: Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, sà. Kó má para mọ́, kẹ́yin náà má para mọ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n wo àyà yín. Òògùn ooru wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ti dán wò, tí wọ́n mọ iye tó wà nínú ẹ̀.

BÀBÁ: Kò ní gbà. Ti àdáni ló wù ú.

APÒÒGÙN: Ẹ ní èmi ni mo sọ ọ́.

BÀBÁ: Mo mọ ìyàwó mi. Á ní, ìyàwó apòògùn fúnra ẹ̀ ńkọ́, èwo lòun ń lò?

(Apòògùn gbójú sókè, ó ń wo àjà.)

APÒÒGÙN: Ti ilé ìwòsàn ni, sà.

BÀBÁ: Nítorí kí ni?

APÒÒGÙN: Ó ní òun ti jẹ ọbẹ̀ tí mo sè rí.